Ọ̀rọ̀ Ẹnìkan Nínú Ìkòkò Gbogbo Ayé

Ẹni tó bá sọ pé Shih Wan-yu kò ní ẹnu, irọ́ ló pa. Ó ní ẹnu, ọwọ́ ni ẹnu ọ̀hún ń gbé. Gbé kọ̀ǹpútà fún un, á kọ ohun tí lọ́yà kò ní lè dá lóhùn. Gba kọ̀ǹpútà ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀, kí o gbé ọkùnrin tó wù ú síwájú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà bí ẹni tí òjò ń jò sí lára. Ó ti tó ọdún méjì tí Kuo Teng-jui ti ń kó páálí wá sí ilé ìtajà ìyá bàbá Wan-yu. Lọ́sàn-án lọ́sàn-án ló ń bọ̀ lórí alùpùpù, páálí á ga kọjá orí rẹ̀, ẹni tó bá wò ó lókèèrè á rò pé páálí ló ń wa ara rẹ̀ bọ̀. Nínú gbogbo àsìkò yẹn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni Wan-yu ń sọ fún un: "Gbé e síbẹ̀."

Teng-jui náà á ní, "Ó dáa."

Ẹ wá wo ìfẹ́ o. Gbé e síbẹ̀, ó dáa. Gbé e síbẹ̀, ó dáa. Gbogbo àwa tí a ń gbé ìlú Lukang, ní erékùṣù wa yìí, la mọ̀ pé àwọn méjèèjì ń kú lọ nítorí ara wọn. Àwọn méjèèjì nìkan ni kò mọ̀. Bí Teng-jui bá ti yí alùpùpù padà tán, Wan-yu á lọ tún àwọn páálí yẹn tò, á máa fọwọ́ pa wọ́n lórí bí ọmọ tuntun, Àǹtí Pi-yun tó ń tajà níwájú á sì máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

"Páálí yẹn ti sùn," Àǹtí Pi-yun á sọ. "Má jí i."

Ilé ìtajà náà, A-má ló ni ín. Bí a ṣe ń pe ìyá àgbà níbí nìyẹn, ó sì ti pẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti ń pè é bẹ́ẹ̀ débi pé orúkọ àbísọ rẹ̀ ti di ohun ìgbàgbé. Ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, nínú ọ̀nà tóóró oníbíríkì pupa, ibi tí òórùn tùràrí àti ti ọ̀rá gbígbóná ti ń bá ara wọn jà láti àárọ̀. Kéèkì ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣe. Bí Ọdún Òṣùpá bá sún mọ́lé, tí oníkálukú ń wá kéèkì òṣùpá tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn àna, ọ̀gá ibi iṣẹ́ àti olùkọ́ ọmọ rẹ̀, A-má kì í ráyè jókòó. Wan-yu ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Taichung, níbi tó ti ń fi PHP, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ìkànnì fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Nígbà tí bàbá àgbà kú, ó padà wálé, ó kọ ìkànnì kan fún kéèkì ìdílé wọn. A-má kọ́kọ́ ní òun kò lè bá ẹ̀rọ dòwò pọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó ra ọjà láti Kaohsiung lọ́hùn-ún ló pa á lẹ́nu mọ́.

Ọgbọ́n tí Wan-yu fi kọ ìkànnì náà, inú ilé ìdáná ló ti jí i. A-má kì í dúró di ìgbà tí oníbàárà bá dé kó tó gbé ẹ̀wà kaná. Láàárọ̀ ló ti ń sè é, tó ń gún un, tó ń po ṣúgà mọ́ ọn, tó ń kó o sínú ìkòkò, tó sì ń lẹ bébà mọ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan pé, ìgbà báyìí, ẹ dà á nù. Ẹni tó bá ra kéèkì, wọ́n á bu ẹ̀wà tirẹ̀, wọ́n á sì dì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ìwé ìkànnì rí. Bí èèyàn bá ṣí i, kọ̀ǹpútà ní láti to àwòrán kéèkì, iye owó àti ìkíni ọdún pọ̀ kó tó gbé e jáde. Bí èrò rẹpẹtẹ bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, ohun kan náà ni yóò máa tò fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, àárẹ̀ á mú un, á sì dákú. Nítorí náà Wan-yu gé ojú ìwé náà sí abala-abala. Abala tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé, kọ̀ǹpútà á tò ó lẹ́ẹ̀kan, á fi pamọ́, á lẹ ọjọ́ ìdànù mọ́ ọn, ẹni tó bá dé á kàn bù ú lọ ni. Abala tó bá jẹ́ ti ẹnìkan, bí orúkọ rẹ̀ àti ọjà tó kó sínú apẹ̀rẹ̀, òun nìkan ni wọ́n ń ṣe ní tuntun. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ohun ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ wọ ìkòkò gbogbo ayé. Wan-yu fúnra rẹ̀ ló kọ òfin náà, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lókè tábìlì rẹ̀. Ẹ rántí ìyẹn, nítorí òun kò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó rántí.

Ní Ọdún Òṣùpá èṣí, nígbà tí ọjà ń lọ wéréwéré, Wan-yu rí i pé òun ṣi iye owó kéèkì kan kọ, ó bá da gbogbo ìkòkò nù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀wà rírẹ, lójú gbogbo erékùṣù tó ń dúró. Ó dákú, kò sì jí títí ilẹ̀ fi ṣú. Fóònù dún títí A-má fi rì í mọ́ inú ìyẹ̀fun. Láti ọjọ́ náà ni A-má ti ṣòfin tirẹ̀: bí ọjà ọdún bá ti ṣí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun. Kọ̀ǹpútà alágbèéká Wan-yu á wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù ìyẹ̀fun, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á wà lọ́rùn A-má. Ẹ̀rọ ìkànnì fúnra rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn káńtà. Lórí rẹ̀ ni A-má gbé ìpápánu àgbàdo kan lé, nínú ọ̀rá aláwọ̀ ewé, bí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ níbí ṣe ń ṣe, kí ẹ̀rọ lè hùwà ọmọlúwàbí. Aláwọ̀ ewé ni kó jẹ́ o. Ti aláwọ̀ yẹ́lò ń bí ẹ̀rọ nínú. Ọjọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tíì kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ẹnìkan jẹ ẹ́ nígbà kan rí, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí iná fi jó wáyà ilé náà. Ẹ má bi mí bóyá ìpápánu ló fà á, èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ọjà Ọdún Òṣùpá ti ọdún tí mò ń sọ yìí fẹ́ ṣí. Wan-yu ti jí kí àkùkọ tó kọ. Lálẹ́ àná ni A-má sọ̀rọ̀ kan nídìí oúnjẹ. Ó ní ìyá Teng-jui ti ń bá alárinà kan sọ̀rọ̀, pé lẹ́yìn ọdún wọ́n fẹ́ mú ọmọbìnrin kan láti Changhua wá mọ Teng-jui. A-má sọ ọ́ tán, ó tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì lọ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Àgbà tó mọ ohun tó ń ṣe ni A-má.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dójú ẹ̀ báyìí, ẹlòmíì á gbé fóònù. Wan-yu gbé kọ̀ǹpútà. Ó mọ̀ pé láràárọ̀, kí ọjà tó ṣí, Teng-jui á wọ ìkànnì pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ kó lè wo iye páálí tó kù sílẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, ṣáájú gbogbo oníbàárà. Wan-yu bá kọ ìlà kan sí òkè ojú ìwé, ó sì sọ fún PHP pé bí Teng-jui bá ti wọlé, kó fi hàn án. Kò jẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ojú ń tì í lójú kọ̀ǹpútà pàápàá. Ohun tó kọ nìyí:

"Ìwọ tí mo máa ń retí, ṣé o ti jẹun? Aago márùn-ún niṣẹ́ ń parí. Wá sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Tíì wà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ páálí."

Ó kà á, ó fi ọwọ́ bojú, ó tún kà á láàárín ìka. Ó ní bí ó bá di ọ̀sán kó pa rẹ́ fúnra rẹ̀, kí ìtìjú má baà sùn síbẹ̀. Bí Teng-jui bá ti rí i láàárọ̀, ó ti rí i. Ó tẹ ọjọ́ àti aago méjìlá ọ̀sán sí i, ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ̀ǹpútà fún A-má. A-má tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ tẹ ìpápánu orí ẹ̀rọ, ó wo ọjọ́ ara rẹ̀, ó mi orí pé kò tíì kọjá. Ọjà ṣí.

Àǹtí Pi-yun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó di fóònù rẹ̀ mú, ó nà án jìnnà sí ojú, ó fà á sún mọ́ ojú, ó wá yíjú sí Wan-yu tó ń to kéèkì.

"Wan-yu, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn oníbàárà ní tíì ni?"

"Tíì wo, Àǹtí?"

"Tíì tó wà ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n ní ẹni tí ẹ máa ń retí ni kó wá. Èmi náà kò tíì jẹun o."

Kéèkì bọ́ lọ́wọ́ Wan-yu, ó yí lọ sábẹ́ káńtà. Ó gba fóònù náà, ó wò ó. Ìlà rẹ̀ ló wà lókè ojú ìwé yẹn, gbàgàdà, lórí fóònù Àǹtí Pi-yun, obìnrin tó ti ní ọkọ àti ọmọ mẹ́rin. Ìgbà náà ni Wan-yu tó rántí òfin ara ògiri. Inú abala òkè ló fi ìlà náà sí, abala ìkíni ọdún, abala gbogbo ayé. Teng-jui ti kọ́kọ́ dé, ẹ̀rọ ti to abala náà fún un pẹ̀lú ìlà ìfẹ́ nínú rẹ̀, ó ti tọ́jú rẹ̀ sínú ìkòkò, ó sì ń bù ú fún gbogbo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn láti Keelung lókè erékùṣù dé Pingtung nísàlẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀ fífọ́ ni í fọ́. Ti Wan-yu tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀ kò fọ́, ó ń pa ọmọ kiri ni.

Ó sáré lọ bá A-má nídìí ààrò.

"A-má, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Nǹkan kékeré kan ni mo fẹ́ yọ."

"Èṣí náà, nǹkan kékeré kan ni."

"Ti ọ̀tọ̀ nìyí, A-má."

"Ṣé ẹ̀rọ dákú?"

"Kò dákú."

"Ṣé ọjà ń lọ?"

Ọjà ń lọ, òótọ́ ni. Ó ń lọ ju bó ṣe ń lọ rí lọ. Àwọn èèyàn ti ń fi ojú ìwé náà ránṣẹ́ síra wọn, oníkálukú ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ṣé ìwọ náà rí i, ẹni tó bá sì wọlé wá wò ó kì í jáde láì ra kéèkì. A-má gbé igi tó fi ń tẹ ìyẹ̀fun sókè díẹ̀, kò fi na ẹnikẹ́ni, ó kàn gbé e sókè ni.

"Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, a kì í fọwọ́ kàn án," ó ní. "Ìwọ lo kọ́ mi. Lọ dúró síwájú."

Wan-yu lọ dúró síwájú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò burú, pé bí ó bá ti di ọ̀sán, ọjọ́ ìdànù á pé, ìkòkò náà á dànù fúnra rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún gan-an kì í ṣe ẹ̀rín tí àwọn èèyàn ń rín. Teng-jui ni. Bí Teng-jui bá ti gbọ́ pé gbogbo ayé ló gba ọ̀rọ̀ kan náà, kí ni yóò rò? Yóò rò pé ìpolówó ọjà ni. Yóò ní "ó dáa," yóò sì lọ fẹ́ ọmọbìnrin Changhua. Èrò yìí gbà á lọ́kàn débi pé ó fún oníbàárà kan ní ṣéńjì tó ju owó tó san lọ.

Ọ̀sán kù díẹ̀, òun àti Àǹtí Pi-yun jókòó ti fóònù bí ẹni tó ń dúró de àbájáde ìdánwò. Aago méjìlá lù. Wan-yu tún ojú ìwé náà ṣí. Ìwọ tí mo máa ń retí, ṣé o ti jẹun?

"Bóyá aago ẹ̀rọ ń fà sẹ́yìn," Àǹtí Pi-yun sọ.

Wọ́n dúró. Wọ́n tún ṣí i. Ṣé o ti jẹun? Àǹtí Pi-yun ní ebi ti wá ń pa òun lóòótọ́, ó sì lọ bu núdù jẹ. Wan-yu rántí pé ní ẹ̀yìn ojú ìwé, níbi tí oníbàárà kì í wò, òun máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ ọjọ́ ìdànù ìkòkò kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ fún ojú ara òun. Ó fi fóònù wo ẹ̀yìn náà. Ó rí ọjọ́ òní níbẹ̀, ó rí aago méjìlá ọ̀sán, kò sí àṣìṣe kankan nínú wọn. Ọdún ló wá wò. 3935 ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Èyí ni àṣìṣe tí ọmọ ilẹ̀ mìíràn kò lè ṣe láéláé. A-má àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ka ọdún bí ti àwọn ará òkèèrè. Láti ìgbà tí Orílẹ̀-èdè Olómìnira wa ti bẹ̀rẹ̀ la ti ń kà á, bó ṣe wà nínú ìwé ìjọba nìyẹn, bó ṣe wà lára káàdì ìdánimọ̀ náà nìyẹn. Ọdún tí ayé ń pè ní 2024, 113 là ń pè é. Nítorí A-má tó máa ń kọ ìkéde ìsinmi sórí ìkànnì ni Wan-yu ṣe ṣe é pé, ọdún yòówù tí wọ́n bá tẹ̀ síbi ọjọ́, kí ẹ̀rọ fi 1911 kún un, kó lè bá ti ayé mu. Láàárọ̀ yẹn, pẹ̀lú ìkánjú, ó gbàgbé pé ilé lòun wà, ó tẹ 2024 bíi pé ó ṣì wà nínú ọ́fíìsì ní Taichung. Ẹ̀rọ kò jiyàn. Ó fi 1911 kún un, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó gbọ́ràn.

Wan-yu jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún kò sì fẹ́ dá. A-má jáde wá wo ohun tó dé.

"A-má, ọ̀rọ̀ tí mo kọ, kò ní kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 3935."

"Ta lo kọ ọ́ sí?"

Wan-yu wo àjà.

"Ṣé o rò pé ojú mi fọ́ ni?" A-má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, eékún rẹ̀ ń dún, ó jókòó tì í lórí ilẹ̀. "Tí mo bá fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ báyìí, wàá pa á rẹ́?"

"Màá pa á rẹ́, A-má."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́? Bó bá dé, kí lo máa sọ fún un?"

Wan-yu mọ ohun tó máa sọ. Gbé e síbẹ̀ ni. A-má náà mọ̀ ọ́n. Ó ki kọ́kọ́rọ́ padà bọ inú ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ó ní. "Lọ gbé omi tíì kaná. Gbé ìkòkò ńlá."

Ìkòkò ńlá náà kò tó. Kó tó di aago márùn-ún ni ẹ̀yìnkùlé ti kún débi pé ẹsẹ̀ kò gbèrò. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì dé pẹ̀lú táì lọ́rùn, ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù ẹja, ẹja lílọ̀ tí wọ́n ṣù róbótó, nídìí tẹ́ńpìlì dé, ó gbé bọ́ọ̀lù ẹja lọ́wọ́, ó ní bí wọ́n bá bi òun bóyá òun ti jẹun, òun á lè dáhùn dáadáa. Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lápá wá, ọmọ ọ̀hún kò yọjú kúrò nínú fóònù, ìyá ló ń kí èèyàn fún un. Tọkọtaya kan wakọ̀ wá láti Chiayi, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ mọ ẹni náà ni, àwọn kò ní dá sí i. Kò sí ẹni tó mọ ìtumọ̀ "kì í ṣe ọ̀rọ̀ páálí." Olùkọ́ ní bóyá kéèkì tí wọn kì í fi páálí dì ni. Gbogbo wọn gbà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì rà á bẹ́ẹ̀, nínú bébà.

"Ta ni nínú wa?" ẹlẹ́ja bi A-má.

"Ẹ mu tíì yín," A-má dá a lóhùn.

Wan-yu ń bu tíì, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ pupa bí ẹ̀wà. Gbogbo ìró alùpùpù tó bá kọjá lójú ọ̀nà ni àyà rẹ̀ ń bá lọ. Aago márùn-ún kọjá. Ó kọjá dáadáa. Omi tíì di ẹ̀ẹ̀kejì, ó di ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ó ti parí, ó ti lọ sí Changhua, nígbà tí Àǹtí Pi-yun fi ìgúnpá gún un.

Teng-jui dúró sí ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn lórí alùpùpù rẹ̀. Ó fi epo sí irun. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tí ìlà ayọ́nù ṣì wà lápá rẹ̀. Ó rí olùkọ́, ó rí ẹlẹ́ja, ó rí ìyá tó di ọmọ rẹ̀ mú, ó sì rí ará Chiayi. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ti alùpùpù náà sẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀.

Wan-yu wo ẹ̀yìn alùpùpù náà, ibi tí páálí máa ń ga kọjá orí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Páálí ẹyọ kan kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin náà ti ka ọ̀rọ̀ yẹn láti àárọ̀, ó ti lọ fi ayọ́nù tẹ ẹ̀wù, ó sì ti fi gbogbo páálí sílẹ̀ sílé, nítorí wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ páálí. Ayọ̀ bo Wan-yu mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà débi pé ó gbàgbé láti bẹ̀rù. Ó gbé ife tíì sílẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Teng-jui, má lọ," ó ní. "Ìwọ ni mo kọ ọ́ sí. Àwọn tó kù, àṣìṣe ẹ̀rọ ni."

Ẹlẹ́ja dá bọ́ọ̀lù ẹja dúró ní agbedeméjì ọ̀nà ẹnu.

"Ìyá mi náà rí i," Teng-jui sọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ó fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo wá rò pé..."

"Èmi ni mo fi sí ibi tí kò yẹ. Ìwọ nìkan ló yẹ kó rí i. Ó yẹ kó ti kúrò láti aago méjìlá."

"Kí ló dé tí kò kúrò?"

"Mo ṣi ọdún tẹ̀. Ó di ọdún 3935 kó tó kúrò."

Teng-jui ronú sí i. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé ló bá a ronú, ará Chiayi tilẹ̀ ń fi ìka ṣírò. Ó wá fi ẹsẹ̀ ti alùpùpù náà síwájú, ó wọlé, ó gbé e dúró.

"Ó dáa," ó ní.

Ẹ̀rín bú jáde láti gbogbo igun. Olùkọ́ tú táì rẹ̀. Ẹlẹ́ja pín bọ́ọ̀lù ẹja fún gbogbo ayé. Ìyá tó fa ọmọ wá ní kí ọmọ náà kẹ́kọ̀ọ́, ọmọ sì gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. A-má yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e fún Wan-yu. Wan-yu sọ ọ́ sínú àpò, kò lọ ibì kankan, ó jókòó ti Teng-jui lórí àpótí, àwọn méjèèjì sì mu tíì títí tó fi tutù mọ́ wọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì ló tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìyẹ̀fun. Ó yọ ìlà náà kúrò nínú ìkòkò gbogbo ayé, ó gbé e sí ibi tí ó yẹ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀, abala ẹnìkan, tí ẹlòmíì kò lè bù. Nígbà tó débi ọjọ́ ìdànù, ó na ìka kó tún un ṣe. Teng-jui dúró lẹ́yìn rẹ̀, páálí ní apá méjèèjì.

"Ní ti ìyẹn," ó ní, "fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ sígbà yẹn. Wọ́n ti ṣègbéyàwó, èmi ni mo sì jẹ kéèkì rẹ̀ jù. A-má ṣì ń pààrọ̀ ìpápánu orí ẹ̀rọ bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti pé, ó sì máa ń sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí pé nínú ilé yìí, nǹkan kan péré ni ọjọ́ rẹ̀ kì í pé. Láràárọ̀, kí ọjà tó ṣí, Teng-jui á jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, á ṣí ojú ìwé náà kó lè wo iye páálí tó kù. Ọ̀rọ̀ yẹn á jáde lókè fún òun nìkan. Ṣé o ti jẹun? Wan-yu wà nídìí ààrò, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Mi ò tíì jẹun," Teng-jui á dáhùn, á sì dìde lọ gbé omi tíì kaná.